Àwọn Kantíkantí Olókùn Funfun

Ọjọ́ tí Mùbárákù kọ́kọ́ fojú kan Ìdáyátù, fíríjì ló ń fẹsẹ̀ gbá. Ọ̀sán gangan ni, ní ọjà Dei-Dei, láàárín àwọn tó ń já pákó lórí tírélà àti àwọn Fúlàní tó ń da màlúù kọjá. Híjáàbù rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, eruku ti kun ojú rẹ̀, bàtà rẹ̀ kan ti fò lọ sábẹ́ tírélà. Kò tiẹ̀ wo ibi tí bàtà náà gbà. Ó tún fíríjì àlòkù náà gbá.

"Ẹ ní ó ń ṣiṣẹ́!" ó ń jágbe mọ́ ẹni tó tà á fún un. "Mo gbé e délé, mi ò rí kó gbóná, mi ò rí kó tutù!"

"Kai! Hàjíà, ta ló ń ra fíríjì kó lè gbóná?"

Ni gbogbo ìsọ̀ tó wà nítòsí bá bú sẹ́rìn-ín. Mùbárákù náà rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí lẹ́nu ìsọ̀ tirẹ̀ ní òdìkejì. Ibẹ̀ ló ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, nítorí òun gan-an ni Ìdáyátù kọjú sí.

"Ìwọ tí o ń yọ eyín yẹn, kí lo rí?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo rí i pé ẹ ń wá ohun tó ń gbóná nínú ohun tó ń tutù ni. Èyí tó ń gbóná wà lọ́wọ́ mi níbí. Ẹ wá wò ó, kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ ara yín ṣe léṣe."

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: inú ló ń bí mi tí mo fi la ẹnu. Títí dòní, bí a bá jókòó níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ní Kubwa, àwọn kan á ní Ìdáyátù kó eṣinṣin sínú ìgò, ó fi de ọmọkùnrin mọ́lẹ̀. Wọ́n á ní oògùn ni. Oògùn ilé ta? Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹni tó bá sì tún sọ irọ́ yẹn létí mi, èmi àti olúwa rẹ̀ la ó jọ wọ ṣòkòtò kan náà.

Ọmọ Ìlọrin ni Mùbárákù, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò kàwé kọjá girama. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi pákó kan àpótí, kó gbé gílóòbù iná sínú rẹ̀, kó to ẹyin sí i, kó sì máa bá adìẹ sàba. Bó bá di ọjọ́ kọkànlélógún, òròmọdìẹ á máa ké nínú àpótí, àwọn olóko adìẹ á sì wá kó wọn lọ. Ní gbogbo Dei-Dei, kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń mú ooru dúró sójú kan bíi tirẹ̀.

"Dígírì mélòó ló wà níbẹ̀?" Ìdáyátù bi í. Ó ti ki orí bọ inú àpótí.

"Mẹ́tàdínlógójì. Kì í lé, kì í dín."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ náà, ohùn Ìdáyátù rọlẹ̀. "Mẹ́tàdínlógójì gan-an ni mò ń wá," ó ní.

"Ẹyin kí ni ẹ fẹ́ pa?"

"Kì í ṣe ẹyin. Kantíkantí ni. Àwọn eṣinṣin kéékèèké tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó bá ti rọ̀ jù."

Mùbárákù wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe. Kò jọ àwàdà rárá.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Ìdáyátù nígbà yẹn. Láàárọ̀, á kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní iléèwé kan ní Utako, lọ́sàn-án á sáré lọ sí yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tó ti ń kàwé fún oyè kejì. Ohun tó ń wá ni ìdí tí ara fi ń gbó. Kantíkantí kì í sì lò ju bí oṣù méjì lọ láyé, ènìyàn lè jókòó tì í kó rí gbogbo ayé rẹ̀, láti èwe títí dọjọ́ ikú.

"Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe àwọn ẹyọ kínníkínní tó kóra jọ di ara yín, ara mi, àti ara eṣinṣin," ó ṣàlàyé fún un, bó ṣe ń na ìka sí i bí ẹni ń bá a jà. "Bí ìyà díẹ̀ bá kàn án, bí ooru báyìí, á ta gbogbo ara lólobó. Àwọn tó ń tún ara ṣe, tí wọ́n ti ń sùn, wọ́n á jí, wọ́n á máa gbálẹ̀, wọ́n á máa dí ibi tó ń jò. Bí ìyà náà bá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì á kú. Bí kò bá sí ìyà rárá, kò sẹ́ni tó máa jí. Mo fẹ́ fi hàn pé èyí tó bá jẹ ìyà ooru díẹ̀ láràárọ̀ á pẹ́ láyé ju èyí tí kò jẹ lọ."

"Ẹ ní ìyà díẹ̀ ń mú ẹ̀mí gùn?"

"Díẹ̀!"

"Á jẹ́ pé àwa tí à ń lo iná NEPA yìí, a ò ní í kú mọ́ nìyẹn."

Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu Ìdáyátù kó tó mọ̀. Inú tún bí i pé ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wí pé inú ń tètè bí i jù, ẹ ò mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì. Lákọ̀ọ́kọ́, kò rí àpótí kankan tó lè mú ooru dúró, ó kàn fi àwọn kantíkantí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tó kú gbẹ̀yìn nínú wọn kú ní ọjọ́ kọkànléláàádọ́ta. Lẹ́ẹ̀kejì, NEPA mú iná lọ ní ọjọ́ Jímọ̀, kò sí dísù nínú jẹnẹrétọ̀, kò sì sẹ́ni tó bìkítà. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, òkú ló bá nínú gbogbo ìgò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà, ó sunkún.

Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Àlàájì Sànúsí, ọmọ Okun láti ọ̀nà Kabba, ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìjọba kan, Kubwa ló kọ́lé sí. Ó ti ní ọkọ nílẹ̀ fún un, Afeez, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Bí Ìléyá bá dé tí ìwé yẹn ò parí, Afeez lo máa fẹ́," ó sọ fún un lójú ìyá rẹ̀. "Mi ò bí ọmọ kó wá máa ka ọjọ́ orí eṣinṣin nígbà tí ọjọ́ orí tirẹ̀ ń lọ."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà! Ta ló sọ fún un pé obìnrin máa ń rà bíi tòmátì?

Bí a ṣe ṣe Ìtúnu Ààwẹ̀ tán ní ọdún 2005, Ìdáyátù kó ogún ìgò wá sí yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀ Mùbárákù, nítorí jẹnẹrétọ̀ kì í sinmi níbẹ̀ tìtorí ẹyin. Ọgbọ̀n kantíkantí ló wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ògì tí a fi ṣúgà àti ìwúkàrà sè fún wọn láti jẹ. Ó so okùn pupa mọ́ ọrùn ìgò mẹ́wàá: Mùbárákù á gbé àwọn yẹn sínú àpótí gbígbóná fún ogún ìṣẹ́jú láràárọ̀, á sì gbé wọn jáde. Ó so okùn funfun mọ́ mẹ́wàá yòókù.

"Àwọn wọ̀nyí ò gbọdọ̀ wọ àpótí. Ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ má fọwọ́ kan olókùn funfun."

"Àǹtí, mo ti gbọ́."

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wá ka òkú. Á fi ẹ̀mú kan tín-ínrín mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, á kọ iye wọn sínú ìwé, á sì máa bú ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà: awakọ̀ Kubwa tó gbé e kọjá ibùdókọ̀, ọ̀gá iléèwé, NEPA, ìjọba. Mùbárákù á jókòó sórí àpótí àìlò, á máa gbọ́. Ó rí i pé ìbínú ọmọbìnrin yìí kì í gbé inú. Ohun tó bá dùn ún, á jáde lẹ́nu rẹ̀, kò ní í fi bora sùn. Ilé tí Mùbárákù ti wá, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń pa ara wọn, ó sì ń wù ú láti máa gbọ́ ohùn Ìdáyátù.

"Ìyá Kantíkantí," ó pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, "ẹ ti ka òkú tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ka alààyè."

"Alààyè wo?"

"Èmi."

"Bí ẹ bá tún pè mí ní Ìyá Kantíkantí, èmi fúnra mi ni n óò sọ yín di èyí tí mò ń kà."

"Kí ni kí n wá máa pè yín?"

"Orúkọ mi."

"Ìdáyátù."

Ó rọra pè é ni. Ìdáyátù gbé ẹ̀mú sílẹ̀. "Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ yẹn."

"Báwo ni mo ṣe pè é?"

"Bí ẹni tó ni ín."

"Bí mo bá fẹ́ ni ín ńkọ́?"

Ìdáyátù yíjú sí àwọn ìgò. Ó tún ka òkú méjì tó yọ jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lálẹ́ ọjọ́ náà, iye tó rí kò sì bára mu. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń pè é ní "ìwọ," òun náà sì ń pè é ní "ìwọ," àwọn tó wà lẹ́nu ìsọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sọ̀rọ̀.

Nínú oṣù Disẹ́ńbà, Mùbárákù wọ agbádá, ó gbé àkùkọ ńlá méjì, ó lọ fi ara rẹ̀ han Àlàájì ní Kubwa. Àlàájì kò ní kó jókòó.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ?"

"Mo máa ń pa òròmọdìẹ, sà."

"Kí lo kà?"

"Mo parí girama, sà."

"Ọmọ mi ń lọ di ọ̀mọ̀wé, ìwọ ń bá adìẹ sàba! Kí lo fẹ́ bá òun sàba lé? Ìwé?"

"Bàbá!" Ìdáyátù dìde.

"Jókòó sílẹ̀! Ìwọ, kó àkùkọ rẹ. A ò jẹ irú ẹ̀ nílé yìí."

Mùbárákù gbé àkùkọ méjèèjì, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí Àlàájì ó dàbọ̀, ó sì rìn gba àárín àdúgbò padà lọ wọkọ̀, àkùkọ ń pariwo lábẹ́ apá rẹ̀, àwọn ènìyàn ń wò ó. Bí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi á hó. Ènìyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, kò jalè, kò tọrọ, ẹ wá ń lé e bí adìẹ tó wọ ilé wá jẹ gààrí.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí ọwọ́ àwọn kantíkantí. Bí àwọn olókùn pupa bá pẹ́ láyé ju àwọn olókùn funfun lọ, ìwé Ìdáyátù ti parí nìyẹn, ẹnu á sì gbà á láti sọ fún bàbá rẹ̀ ẹni tó wù ú. Bí wọn ò bá pẹ́ jù wọ́n lọ, ó di ilé Afeez.

Wọn ò pẹ́ jù wọ́n lọ. Lọ́jọ́ kẹrìndínláàádọ́rin, nígbà tí Ìléyá ku ọjọ́ méjì, pupa tó gbẹ̀yìn kú láàárọ̀, funfun tó gbẹ̀yìn kú nírọ̀lẹ́. Ìdáyátù gbé ìwé rẹ̀ lọ sílé Ọ̀jọ̀gbọ́n Abímbọ́lá, obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìdáyátù, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ooru yẹn ò ṣe nǹkan kan fún wọn. Mi ò lè gbé èyí lọ síwájú ẹnikẹ́ni."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló dé Dei-Dei láti wá kó ìgò rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún Mùbárákù bó ṣe ń kó ìgò sínú páálí: pé pupa àti funfun kò yàtọ̀, pé òun ti fi ọdún méjì ṣòfò lórí irọ́, pé òun máa gbà fún bàbá òun. "Má pè mí mọ́," ó ní. "Bó o bá pè mí, mi ò ní lè ṣe é."

Mùbárákù wo àwọn okùn funfun náà. Ìgbà yẹn ni ohun tó ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Bó bá dákẹ́, Ìdáyátù á lọ, ṣùgbọ́n á máa rántí rẹ̀ sí rere títí ayé. Bó bá sọ ọ́, á kórìíra rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó rí i nígbà tó ṣe é, àfi Ọlọ́run.

"Èmi ni," ó sọ.

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo gbé àwọn olókùn funfun wọ àpótí. Bí mo bá ti gbé àwọn pupa jáde, mo máa ń gbé àwọn náà wọlé fún ogún ìṣẹ́jú. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀."

Ìgò kan bọ́ lọ́wọ́ Ìdáyátù, ó fọ́.

"Àárọ̀ ọyẹ́ ni," Mùbárákù ń sọ̀rọ̀ kíákíá, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé òun ò ní parí rẹ̀. "Àwọn kan ń yáná, àwọn kan wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ká jọ, wọn ò lè fò. Mi ò lè máa wò ó. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi ní. Ìyá mi ni kò fẹ́ràn. Bó bá ra súwẹ́tà fún àwọn ọmọ, kì í kan tiwa. A máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, a máa ń wo àwọn yòókù tí wọ́n ń yáná lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní kò sí ẹni tí n óò fi irú ìyẹn jẹ níyà láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ eṣinṣin."

"Òpònú!" Ohùn Ìdáyátù gba gbogbo ọjà. "Ooru yẹn kì í ṣe ìkẹ́! Ìyà ni! Ìyà ni mò ń fi jẹ àwọn olókùn pupa! Ìwọ rò pé mò ń ṣojúsàájú? Mo sọ fún ẹ! Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo sọ fún ẹ?"

"O sọ ọ́. Mo ṣẹ̀."

"Ọdún méjì! Ayé mi! O wá gbé ẹjọ́ ilé bàbá rẹ wọ inú ìgò mi!" Ọ̀rọ̀ tó burú jù lọ ló wá sí i lẹ́nu, kò sì gbé e mì. "Abájọ tí wọn ò fi fẹ́ràn ìyá rẹ. Ta ló máa fẹ́ràn ẹni tó bí irú ẹ?"

Ìdáyátù fi páálí sílẹ̀, ó jáde.

Nínú mọ́tò tó ń lọ sí Kubwa, ó ń bú u lọ nínú ikùn rẹ̀. Ọ̀dẹ̀. Aláìmọ̀kan. Gbogbo wọn ló gbé wọ ooru, gbogbo wọn ló sì lọ kú lọ́jọ́ kan náà, lọ́jọ́ kẹrìndínláàádọ́rin... Ọjọ́ kẹrìndínláàádọ́rin. Àwọn ti àkọ́kọ́, tí kò sẹ́ni tó gbé wọn wọ ooru rárá, ọjọ́ kọkànléláàádọ́ta ni wọ́n mọ. Àwọn funfun wọ̀nyí wọ ooru, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù wọ́n lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe irọ́!

"Ó wà o!" ó kígbe mọ́ awakọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, ó gun ọ̀kadà padà sí Dei-Dei.

Mùbárákù ṣì wà níbi tó fi í sí, ó ń ṣa ìgò tó fọ́. Ìdáyátù kò tọrọ àforíjì. "Ọjọ́ mélòó lo fi gbé wọn wọlé?" ó bi í.

Mùbárákù nawọ́ sí ara ògiri. Àwọn tó ń sàba ẹyin kì í fi ìwé ka ọjọ́, ẹfun ni wọ́n fi ń fà á sára ògiri, ọjọ́ kan, ìlà kan. Ní ìgbẹ̀yìn ìlà àwọn ẹyin, ìlà àwọn olókùn funfun wà níbẹ̀: mẹ́rìnlélógójì. Ìdáyátù dà wọ́n kọ, kò wo ojú rẹ̀, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kẹta Ìléyá, kí Ìdáyátù tó padà sọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n, Mùbárákù ti dé ibẹ̀ láti lọ jẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Obìnrin náà bínú débi pé ó lé e jáde, ó pè é padà, ó tún lé e jáde. Nígbà tó pè é padà lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun fún Ìdáyátù títí di ìparí oṣù karùn-ún láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n inú ilé tí Mùbárákù kò lè dé ni àwọn olókùn funfun gbọ́dọ̀ wà.

Láti ibẹ̀, Mùbárákù kọrí sí Kubwa. Àlàájì wà lórí àga níwájú ilé, ẹran Ìléyá wà nínú àwo níwájú rẹ̀.

"O tún dé?"

"Sà, mi ò wá tọrọ ọmọ." Mùbárákù ti dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni mo ba iṣẹ́ ọmọ yín jẹ́. Òun ṣe tirẹ̀ pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi fún un lọ́kọ."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó tún sọ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àlàájì gbé àwo ẹran sílẹ̀.

"O mọ̀ pé bó o bá ti dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"O sì mọ̀ pé o ti ba tìrẹ jẹ́ pátápátá lọ́dọ̀ mi báyìí?"

"Mo mọ̀, sà."

"Jáde nílé mi!"

Ó jáde. Ṣùgbọ́n Àlàájì kò lè jẹ ẹran yẹn mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó fi fóònù pe bàbá Afeez, ó ní kó jẹ́ kó di ìparí oṣù karùn-ún. Ó lọ sọ fún Ìdáyátù pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tí wọ́n fipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo gbọ́, Bàbá," Ìdáyátù dáhùn. "Pálọ̀ yín ni àwọn olókùn funfun máa wà."

"Pálọ̀ ta?"

"Ibẹ̀ ló tutù jù nínú ilé."

Àlàájì búra pé kò ní ṣẹlẹ̀. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Fẹ́búárì, ìgò mẹ́wàá ti tò sórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ń gba ibẹ̀ kọjá, ó ń pòṣé. Lọ́sẹ̀ kejì, ìyàwó rẹ̀ bá a níbi tó ti fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ìgò. Lọ́sẹ̀ kẹrin, bó bá ti kírun àárọ̀ tán, òun ló máa ń pe Ìdáyátù: "Òkú mẹ́ta ló wà nínú ìgò kẹfà, wá kọ ọ́ sílẹ̀!" Nígbà tí iṣẹ́ náà gba ogójì ọjọ́, ó gba nọ́ńbà Mùbárákù.

"Mélòó ló kù lọ́dọ̀ rẹ?"

"Igba ó lé mẹ́rin, sà."

"Irọ́! Tèmi ku mọ́kàndínlọ́gọ́rin."

"Ẹ kú ìrọ́jú, sà."

"Ta lò ń kí ní kú ìrọ́jú?" Ó pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì, ó tún pè é. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ kan tí kì í pè é, kò sì sí ọjọ́ kan tí kì í fi ìbínú pa á.

Ní Dei-Dei, Ìdáyátù ṣì ń wá ka òkú nírọ̀lẹ́. Kì í bá Mùbárákù sọ ju ọ̀rọ̀ kantíkantí lọ. Ìtìjú ti wọ inú ìbínú rẹ̀, kò mọ èwo ni kó kọ́kọ́ gbé jáde. Ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tó sọ sí ìyá Mùbárákù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e mì.

Ọjọ́ kẹtàléláàádọ́ta, ọjọ́ Sátidé ni, àwọn méjèèjì wà nínú ìsọ̀ nígbà tí fóònù dún. Ohùn Àlàájì pọ̀ débi pé Ìdáyátù ń gbọ́ ọ.

"Tèmi ti tán. Èyí tó kù kú láàárọ̀ yìí. Tìrẹ ńkọ́?"

"Ó ku àádóje, sà."

"Àádóje!" Àlàájì fura. "Kò sí màgòmágó níbẹ̀?"

"Ìdáyátù ló ń kà wọ́n, sà. Èmi kàn ń gbé wọn wọ àpótí láràárọ̀ ni."

Ni Àlàájì bá bú jáde. "Á jẹ́ pé òótọ́ ni ọmọ mi ń sọ láti ọjọ́ yìí, èmi ni mi ò gbọ́! Kí lo wá ń dúró dè? Àbí èmi ni kí n kó ẹbí mi wá bá tìẹ ní Ìlọrin? Ọkùnrin tó lè rin ọ̀nà jíjìn wá fi ẹjọ́ ara rẹ̀ sùn mí, n óò wá fún Afeez lọ́mọ? Má jẹ́ kí n tún pè ọ́!" Ó pa á.

Mùbárákù di fóònù mú, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Mo ṣì ń bínú sí ẹ," Ìdáyátù ní.

"Mo mọ̀."

"Kò tíì tán nínú mi. Ó lè gbà mí tó ọdún márùn-ún."

"Inú ilé mi ni kó o ti máa bínú ọ̀hún, olólùfẹ́. N óò máa gbọ́."

Omi bọ́ lójú Ìdáyátù. "Ohun tí mo sọ sí ìyá rẹ. Mùbárákù, mo jẹ̀bi. Ní gbogbo ọjọ́ ni mò ń rántí rẹ̀."

"Èmi ti gbọ́ ìyẹn," Mùbárákù dáhùn, ohùn rẹ̀ kò sì ní àwàdà nínú. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi lo sọ ọ́ sí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n buwọ́ lùwé Ìdáyátù ní oṣù karùn-ún. Ní oṣù kẹfà, ẹbí Mùbárákù ti Ìlọrin wá sí Kubwa láti wá tọrọ ọmọ. Ìyá rẹ̀ bá wọn wá, obìnrin pẹ́ńpẹ́ kan tó jókòó sí ìkángun àga bí ẹni tí wọ́n lè ní kó dìde nígbàkígbà. Nígbà tí wọ́n mú Ìdáyátù wá kí ó kúnlẹ̀ gba àdúrà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá náà mú. Kò dúró de àdúrà.

"Ìyá, kí ẹ tó gbàdúrà fún mi. Mo ti bú yín rí." Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún un bó ṣe sọ ọ́ gan-an, níwájú gbogbo ènìyàn, kò dín ẹyọ kan nínú rẹ̀. Àlàájì gbójú sílẹ̀. Ẹnìkan nínú ẹbí Ìlọrin ti ń ká agbádá rẹ̀ sókè láti dìde.

Ìyá náà gbé ọwọ́ lé orí Ìdáyátù.

"Òótọ́ lo sọ," ó ní. "Wọn ò fẹ́ràn mi. Ogójì ọdún. Ó ń bí mi nínú títí di ìsinsìnyí tí mo jókòó níhìn-ín, ìwọ sì lẹni àkọ́kọ́ tó máa kúnlẹ̀ sọ fún mi pé kò dáa." Ó nu ojú rẹ̀ nù, ó sì fa ọmọbìnrin náà dìde. "Wá jókòó tì mí. Ọmọ tí mo bí yẹn, kò ní í jẹ́ kó o mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n má fẹ́ràn èèyàn."